Okùn Pọlíẹ́sítà Lórí Pápá Tẹ́níìsì: Èrè Rẹ̀ àti Gbèsè Rẹ̀

Onílù tí ó bá fẹ́ kí gángan òun fọhùn ketekete lójú agbo, ọṣán ni í kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ kí ó tó ronú kan ọ̀pá ìlù; ọdẹ ayé àtijọ́ tí ó bá ń gbé ọrun àti ọfà lọ sí ìgbẹ́, ọṣán ọrun rẹ̀ ni í fi àtàǹpàkò ta wò kí ó tó súfèé pe ajá. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń fi tẹ́níìsì najú, bí a bá wọ ilé ìtajà, fírémù rákẹ́ẹ̀tì ni a ń gbé yẹ̀ wò: a ó wo àwọ̀ rẹ̀, a ó wo orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, a ó fì í síwá, a ó fì í sẹ́yìn, a ó sì san owó gọbọi lé e lórí, láìrántí pé fírémù yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin rẹ̀, kì í fi ara kan bọ́ọ̀lù àfi nígbà tí a bá ṣì í gbá. Okùn ni í bá bọ́ọ̀lù pàdé. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bí márùn-ún péré nínú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lò lójú okùn kí ó tó fò lọ; gbogbo ohun tí apá, ẹsẹ̀ àti ọgbọ́n orí eléré sì ti ń pète láti ìgbà tí ó ti gbé rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, inú ìwọ̀nba àkókò yìí ni yóò ti yanjú.

Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, okùn kan ti jẹ gàba lórí gbogbo ìyókù nínú eré yìí, òun náà ni okùn pọlíẹ́sítà: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò mọ òjò, ó gan bí wáyà, ó ń dán bí ara ejò. Àwọn kan ń kì í pé òun ni ó sọ tẹ́níìsì dọ̀tun. Àwọn mìíràn ń ṣépè fún un pé òun ni ó ba apá àwọn jẹ́. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ìwà kan náà tí okùn yìí fi ń ṣoore ni ó fi ń ṣèkà, àti pé àwọn tí ń jẹ èrè rẹ̀ kò pọ̀ tó àwọn tí ń rà á.

Kí pọlíẹ́sítà tó dé, ìfun ẹran ni ọba okùn. Ní ọdún 1874 ni Walter Clopton Wingfield, ológun ará Ìlú Ọba, gba ìwé àṣẹ fún eré tí ó di tẹ́níìsì orí koríko. Nígbà tí ó fi máa di ọdún kejì, 1875, Pierre Babolat ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó ti ń fi ìfun ẹran ṣe okùn ohun-èlò orin, ti fi ìfun àgùntàn ṣe okùn fún rákẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni ìfun màlúù gba ipò ti àgùntàn. Ìfun máa ń nà, ó sì máa ń padà. Ó ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ra bí ìyá ti í gba ọmọ, ó sì ń dá èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú agbára tí ó gbà padà fún un. Bí a bá sì fà á le, ó ń di ìle rẹ̀ mú pẹ́ ju okùn yòówù lọ. Àbùkù rẹ̀ kò ju méjì lọ: owó rẹ̀ wọ́n, òun àti omi kì í sì í ṣọ̀rẹ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Nítorí náà, nígbà tí náílọ́ọ̀nù, tí Wallace Carothers ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní 1935, di ohun tí a ń rí rà káàkiri, kíákíá ni ó di okùn àwọn mẹ̀kúnnù: ó rọ̀ díẹ̀, kò wọ́n, ọ̀rinrin kì í sì í tètè bà á jẹ́ bí ìfun.

Pọlíẹ́sítà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò láàárín wa. Ní ọdún 1941 ni J. R. Whinfield àti J. T. Dickson, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé-sára-aṣọ ní Manchester, rí ọ̀nà àtifà á di òwú. Òwú yìí ni wọ́n sọ ní Terylene, èyí tí àwọn bàbá wa fi dá ṣòkòtò tí kì í hunjọ, tí wọ́n fi ń rìn gbẹndẹ́kẹ ní ọjọ́ Ìsinmi. Irú ohun kan náà ni a fi ń ṣe ike tí a ń ra omi inú rẹ̀ mu ní ojú títì. Ohun tí àwọn eléré tẹ́níìsì ń wá lọ sí Sókótó, nínú ṣòkòtò gan-an ni ó wà. Síbẹ̀, nígbà tí a kọ́kọ́ fi í ṣe okùn rákẹ́ẹ̀tì, kò sí ọ̀gá kan tí ó kà á sí. Kìkì ẹni tí apá rẹ̀ le débi pé náílọ́ọ̀nù kì í pẹ́ já lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń rà á, nítorí pé kì í tètè já. Bọ́ọ̀lù tí ó bá bà á ń dún kù bí ẹni gbá pákó, ẹni tí ó sì ti mọ adùn ìfun kò jẹ́ fi ọwọ́ kàn án.

Ọdún 1997 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ìdíje ńlá ilẹ̀ Faransé, ní Roland Garros, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlú Florianópolis ní ilẹ̀ Brazil, Gustavo Kuerten, ẹni tí ó wà ní ipò 66 láyé, tí kò sì sí nínú àwọn tí a fi orúkọ wọn ṣíwájú, gbé rákẹ́ẹ̀tì tí a fi okùn pọlíẹ́sítà ilé-iṣẹ́ Luxilon ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù sí wọ orí ilẹ̀ amọ̀ pupa. Ó na Thomas Muster, ó na Yevgeny Kafelnikov, ní àṣekágbá ó na Sergi Bruguera ní 6-3, 6-4, 6-2; bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ náà rí. Ó tún gbà á ní 2000, ó tún gbà á ní 2001. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: kò pẹ́ tí yàrá àwọn eléré fi kún fún okùn ará Bẹ́ljíọ̀mù yìí. Andre Agassi, tí ó ti di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré náà, bọ́ sí i ní 2002 lẹ́yìn tí Darren Cahill di olùkọ́ rẹ̀, ó gba ife-ẹ̀yẹ ìlú Róòmù ní ọdún náà, ó sì ròyìn ìyàlẹ́nu rẹ̀ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó pè ní Open. Rafael Nadal, àjànàkú tí í mi pápá amọ̀ kìjikìji, ọ̀kan ṣoṣo tí í dẹ́rù ba ogunlọ́gọ̀, fi pọlíẹ́sítà gba ife-ẹ̀yẹ Roland Garros nígbà mẹ́rìnlá láàárín 2005 sí 2022.

Kí ni okùn yìí wá ń ṣe tí ìfun kò lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ojú rákẹ́ẹ̀tì. Okùn òòró, tí ó ti orí rákẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀ wá sí ọrùn rẹ̀, àti okùn ìbú, tí ó dábùú wọn, ń gba òkè àti abẹ́ ara wọn kọjá gẹ́gẹ́ bí òwú inú aṣọ òfì. Nígbà tí eléré bá fi rákẹ́ẹ̀tì ha ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bọ́ọ̀lù a máa wọ́ àwọn okùn òòró kúrò ní àyè wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí okùn náà bá jẹ́ ìfun tàbí náílọ́ọ̀nù, ara rẹ̀ a há mọ́ ara èkejì níbi tí wọ́n ti kọjá, a sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn tí wọ́n wo àwọn ọ̀gá àtijọ́ fi rántí pé, lẹ́yìn ayò kọ̀ọ̀kan, wọn a máa tẹjú mọ́ rákẹ́ẹ̀tì wọn, wọn a máa fi ìka to okùn padà sí ipò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá arúgbó tí ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ọ̀pọ̀ òǹwòran rò pé ìrònú ni wọ́n ń rò. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń ronú, ṣùgbọ́n okùn náà ti yẹ̀ ní tòótọ́.

Pọlíẹ́sítà kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ le, ó sì ń yọ̀. Bí bọ́ọ̀lù ti ń wọ́ ọ lọ ni ó ń nà, ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó fi ojú okùn sílẹ̀, ó ti yọ̀ padà sí àyè rẹ̀ fìrì, ìpadàbọ̀ yìí ni ó sì ń ta ara bọ́ọ̀lù tí í fi í pòòyì ju bí apá nìkan ìbá ti mú un pòòyì lọ. Rod Cross, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà, àti Crawford Lindsey ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ wọn ọ̀ràn yìí wò. Ohun tí ó hàn nínú iṣẹ́ irú wọn ni pé yíyọ̀ tí okùn ń yọ̀ lára okùn ni ìdí abájọ, kì í ṣe pé okùn ń fi eyín di bọ́ọ̀lù mú. Èyí ni kí ẹ rántí nígbà tí olùtajà bá ń fi okùn onígun márùn-ún, onígun mẹ́fà tàbí onígun mẹ́jọ hàn yín, tí ó ń ṣàlàyé pé igun rẹ̀ ni í gé bọ́ọ̀lù jẹ. Okùn tí ó bá ń yọ̀ dáadáa yóò mú bọ́ọ̀lù pòòyì, ì báà ní igun, ì báà jẹ́ roboto.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì, kí ó padà sí ọdún 1977. Werner Fischer, ará Jámánì kan tí iṣẹ́ òdòdó àti ohun ọ̀gbìn mọ́ lọ́wọ́, so okùn rákẹ́ẹ̀tì kan lọ́nà àrà: okùn òòró rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, kò bá okùn ìbú hun pọ̀, ó sì fi ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ bò wọ́n kí wọ́n lè máa yọ̀ bí ó ti wù wọ́n. Rákẹ́ẹ̀tì sìpágẹ́tì ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ní ìdíje ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún náà, Mike Fishbach, ẹni tí a kò mọ̀ rárá, fi irú rẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so na Stan Smith, akọni tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ Wimbledon rí. Ní oṣù kẹwàá, ní Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé, Ilie Nastase gbé e ti Guillermo Vilas, ẹni tí kò tíì sí ẹni tí ó nà án lórí amọ̀ nínú eré 53. Nígbà tí Vilas pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì, ó bínú, ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi pápá sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àjọ tí ń ṣàkóso tẹ́níìsì lágbàáyé fi gbẹ́sẹ̀ lé irú rákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin pé okùn gbọ́dọ̀ hun ara wọn kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ti ilẹ̀kùn iwájú. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, pọlíẹ́sítà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú ẹbùn irú kan náà, kò sì rú òfin kankan.

Kí ni ìpòòyì yìí wúlò fún? Àwọ̀n ga ní sẹ̀ǹtímítà 91.4 ní àárín rẹ̀, gbogbo gígùn pápá kò sì ju mítà 23.77 lọ. Bọ́ọ̀lù tí a bá gbá kíkankíkan tí kò pòòyì, bí kò bá kọ lu àwọ̀n, ó ṣeé ṣe kí ó fò kọjá ìlà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń yí síwájú bí ó ti ń lọ, afẹ́fẹ́ a máa tì í sílẹ̀. Yóò gba òkè àwọ̀n kọjá pẹ̀lú àyè púpọ̀, yóò sì ṣubú sínú pápá bí àṣá tí ó rí òròmọdìyẹ, nígbà tí ó bá sì ba ilẹ̀ tán, yóò ta sókè dé èjìká alátakò. John Yandell, tí ó fi kámẹ́rà ayàwòrán-kíákíá ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń yí, rí i pé ti Agassi àti Pete Sampras wà ní nǹkan bí 1,800 sí 1,900 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti Roger Federer wà ní nǹkan bí 2,700, nígbà tí ti Nadal ń lọ sí 3,200 ní ìpíndọ́gba.

Kí á má ṣe wá rò pé okùn nìkan ni ó bí ìyàtọ̀ yìí. Fírémù ti fúyẹ́, ojú rẹ̀ ti fẹ̀, ọ̀nà ìdìmú ti yí padà, a sì ti ń kọ́ ọmọdé láti kékeré pé kí ó máa ha bọ́ọ̀lù sókè. Okùn kò gbá bọ́ọ̀lù. Ènìyàn ni í gbá a. Pọlíẹ́sítà, nítorí líle rẹ̀, kì í fi kún agbára bọ́ọ̀lù bí ìfun ti ń ṣe, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí eléré fi lè fi gbogbo ara gbá a láìbẹ̀rù pé yóò jáde. Bí ó bá ti ń fi gbogbo ara gbá a, ìpòòyì a pọ̀ sí i. Bí ìpòòyì bá ti ń pọ̀, ìgboyà rẹ̀ a tún lékún, yóò tún gbá a kíkankíkan ju ti ìṣáájú lọ. Ìfun ń fi kún agbára bọ́ọ̀lù. Pọlíẹ́sítà ń ki eléré láyà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2002, ọdún kan náà tí Agassi gba okùn tuntun mọ́ra: Sampras, tí kò fi okùn mìíràn ju ìfun lọ gba ife-ẹ̀yẹ ńlá kankan, ni ó nà án, tí ó sì fi ìkẹrìnlá rẹ̀ dágbére fún eré náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ka gbèsè rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé okùn yìí kì í pẹ́ kú, ikú rẹ̀ kì í sì í hàn lójú. Láti wákàtí tí a bá ti so ó tán, kí ẹnikẹ́ni tó fi gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ni ó ti ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eré wákàtí mélòó kan yóò sì mú un dà bí rọ́bà ìdí ṣòkòtò tí ó ti sú, tí ń nà tí kò mọ bí a ti í padà mọ́. Bí a bá fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan, ooru yóò tún yára bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kan mo jókòó ti ọkùnrin kan ní Èkó tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ okùn síso, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó wọn nǹkan bí mítà 12 kúrò lára ìká okùn, ó ń fi orí rẹ̀ tí ó gé sọnsọ wá ihò fírémù lọ́kọ̀ọ̀kan, apá ẹ̀rọ ń fà, ẹ̀mú ń di èyí tí ó fà tán mú. Nígbà tí ó parí, ó fi èékánná ta okùn náà: ó dún pín-ín bí agogo. Ó wá nawọ́ mú rákẹ́ẹ̀tì mìíràn, tí ẹni tí ó ni ín mú wá kí ó kàn bá òun pààrọ̀ awọ ìdìmú rẹ̀. Okùn ara rẹ̀ pé, kò sí ibi kan tí ó já. Ó ta á: kù. Ó fi àtàǹpàkò ti okùn òòró kan sí ẹ̀gbẹ́, okùn náà sì dúró síbẹ̀, kò padà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ti kú o. Ẹni tó ni ín ni kò tíì gbọ́."

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Okùn pọlíẹ́sítà tí ó ti kú dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ bí èyí tí ó wà láàyè, bẹ́ẹ̀ oore tí a torí rẹ̀ rà á ti lọ: kò yọ̀ mọ́, nítorí pé okùn ti gé ara rẹ̀ wọ inú níbi tí wọ́n ti ń kọjá, bọ́ọ̀lù ń fò jáde láìnídìí, líle rẹ̀ sì kù níbẹ̀, ó ń bá apá jà. Àwọn ọ̀gá mọ èyí. Ní ìdíje ńlá, a ń pààrọ̀ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn gẹ́ẹ̀mù 7 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́yìn gẹ́ẹ̀mù 9 kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fa rákẹ́ẹ̀tì tí okùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lórí ẹ̀rọ yọ nígbà kan náà. Okùn tí wọ́n lò lónìí, kì í ṣe òun ni wọn yóò lò lọ́la. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: àwa lè ra okùn Nadal, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ tí Nadal gé dànù, agbára wa kò ká a.

Gbèsè kejì, apá ni í san án. Bí a bá fi ìfun àti pọlíẹ́sítà wọn ara wọn, pọlíẹ́sítà le tó ìlọ́po méjì ìfun, òmíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù tí ó bá kọ lù ú ń dá ìgbọ̀nrìrì padà sí ọwọ́, láti ọwọ́ sí iṣan tí ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ òde ìgúnpá, ibẹ̀ gan-an sì ni àìsàn tí a ń pè ní ìgúnpá tẹ́níìsì ń bá eléré jà. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, àgbàlagbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí í fi ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú gbá bọ́ọ̀lù fún ìlera ara. Ó gbọ́ pé ìwọ̀n pọ́ùn 55 ni Nadal ń fa okùn rẹ̀ sí, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, irú okùn kan náà, ìle kan náà. Oṣù mẹ́rin kò pé tí kò fi lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ìkòkò tíì kúrò lórí iná. Ohun tí kò rò ni pé apá Nadal yára tó láti mú okùn líle náà nà, nígbà tí apá tirẹ̀, tí ń rọra gbá bọ́ọ̀lù, kò lè mú un mira. Nítorí náà ìpòòyì kò wá, agbára kò wá, ìgbọ̀nrìrì nìkan ni ó dé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Náílọ́ọ̀nù onífọ́nrán púpọ̀ ni ó bọ́ sí, ó sinmi fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti padà sórí pápá.

Láàárín oore àti ìkà yìí, ọgbọ́n ti wá ọ̀nà mélòó kan gbà. Èkíní ni kí a dín ìle kù: ẹni tí ó ń fa náílọ́ọ̀nù sí pọ́ùn 58, kí ó fa pọlíẹ́sítà sí nǹkan bí 52, èyíinì ni pé kí ó dín ìdá kan nínú mẹ́wàá kù. Èkejì ni kí a yan okùn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 1.25 tàbí 1.20 dípò 1.30, nítorí pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀ ju èyí tí ó nípọn lọ. Èkẹta ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń po èròjà mìíràn mọ́ pọlíẹ́sítà kí ara rẹ̀ lè rọ̀, ó sì dára ju ti ayé Kuerten lọ nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì di ìfun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó lọ́lá jù ni àdàlù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Federer, àti Novak Djokovic pẹ̀lú rẹ̀, fi ìfun ṣe okùn òòró, wọ́n fi pọlíẹ́sítà ṣe okùn ìbú. Ìfun ni í gba bọ́ọ̀lù mọ́ra tí í sì í dá agbára rẹ̀ padà. Pọlíẹ́sítà dàbí ilẹ̀ tí a da òróró sí lábẹ́ rẹ̀, tí ìfun fi ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni méjì tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ńlá 44 láàárín ara wọn, Federer 20, Djokovic 24, kò gbà kí pọlíẹ́sítà nìkan dá jọba lójú rákẹ́ẹ̀tì wọn.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Tẹ́níìsì kì í ṣe ọmọ àná níhìn-ín: láti 1895 ni ẹgbẹ́ Lagos Lawn Tennis Club ti wà ní Oníkàn, Vilas tí mo sì dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun kan náà ni Nduka Odizor, tí a bí ní Èkó, nà ní Wimbledon ní 1983 lẹ́yìn tí Vilas ti kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ rẹ̀, láyé tí pọlíẹ́sítà kò tíì gbajúmọ̀. Ojú ọjọ́ wa ń gbè sẹ́yìn pọlíẹ́sítà. Òjò àti ọ̀rinrin etíkun a máa tú ìfun fọ́nrán-fọ́nrán, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi pọlíẹ́sítà ṣe. Ìṣirò owó náà ń gbè é: ìká okùn kan tí ó gùn ní mítà 200 yóò tó rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹ́ eléré tí wọ́n bá sì dáwó rà á pọ̀ yóò rí i pé ó rọjú ju kí olúkúlùkù máa ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni ewu wa wà. Nítorí pé kì í já, a ń jẹ́ kí ó pẹ́. A ń lò ó láti ìgbà òjò títí di ìgbà ọyẹ́, a sì ń yin ara wa pé a mọ owó ṣọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé òkú ni a ń gbé kiri. Bí a bá tún wá gbé irú rákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti lò ó tán, egungun tí kò tíì gbó ni a ń fi san gbèsè okùn.

Ìdájọ́ mi nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọ̀dọ́ tí apá rẹ̀ yára, tí í gbá bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ sókè pẹ̀lú gbogbo ara, tí náílọ́ọ̀nù kì í pé oṣù kan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó já, kí ó lo pọlíẹ́sítà, kí ó fà á ní ìwọ̀nba. Òun ni a ṣe é fún, yóò sì rí èrè rẹ̀. Ẹni tí okùn kì í já lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí apá ti ń dùn, àgbàlagbà àti ọmọdé, kí wọ́n dúró ti náílọ́ọ̀nù rírọ̀, tàbí ìfun bí àpò bá gbà. Wọn kò pàdánù ohunkóhun. Ẹni tí ó bá sì ní pọlíẹ́sítà lójú rákẹ́ẹ̀tì lónìí, kí ó gbé e wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó fi àtàǹpàkò ti okùn òòró kan sí ẹ̀gbẹ́ kí ó sì tú u sílẹ̀. Bí okùn náà kò bá padà sí àyè rẹ̀, ẹ mú àlùmọ́gàjí, ẹ gé e kúrò, bí kò tilẹ̀ tíì já.